Ike Omi Abẹ́ Ìjókòó

Òórùn méjì ni kì í jẹ́ kí n gbàgbé. Èkíní ni òórùn bíréékì tó ti gbóná kọjá ààlà, tó máa ń rùn bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó. Èkejì ni òórùn ìrẹsì Ìgbẹ́mọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀, tí wọ́n sá sórí tapólì, tí oòrùn ń fa omi ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. O lè máa bi ara rẹ pé kí ló pa ìrẹsì pọ̀ mọ́ eré mọ́tò. Èmi náà ì bá fẹ́ kí àwọn méjèèjì má pàdé láé.

O mọ ọ̀nà tuntun tí wọ́n là gba ẹ̀yìn Adó lọ sí apá Ìyìn, èyí tí wọ́n da ọ̀dà sí tán tí wọn ò sì tètè ṣí fún mọ́tò. Nígbà náà, ewúrẹ́ ló ń sùn sójú rẹ̀, àwọn ìyá tó ń gbé nítòsí sì ń sá láfún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mẹkáníìkì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò Adébáyọ̀ ló kọ́kọ́ rí i pé ọ̀nà náà wúlò fún nǹkan mìíràn. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Gúúsù Áfíríkà fún ọdún gbọọrọ, ó sì rí i níbẹ̀ pé àwọn èèyàn máa ń gbé mọ́tò ara wọn, mọ́tò tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, lọ sí pápá eré, kí wọ́n lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré láìṣe ara wọn léṣe. Ó lọ bá àwọn tó ń ṣe ọ̀nà náà sọ̀rọ̀, wọ́n sì yọ̀ǹda apá kan fún un ní àárọ̀ Sátidé. Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní òun ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìdíje o. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹnìkejì rẹ̀ díje, kó lọ ra ẹṣin.

Ọ̀rẹ́ mi ló mú mi débẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, òun sì ń ṣiṣẹ́ ní yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọsibítù kan náà. Nígbà tó sọ fún mi pé òun ń lọ kọ́ mọ́tò wíwà, mo rẹ́rìn-ín títí, torí pé ó ti ń wa mọ́tò tipẹ́tipẹ́ ká tó mọ ara wa. Ó ní, "Ìwọ náà rò pé o mọ̀ ọ́n wà. Ṣé o ti tẹ bíréékì rẹ dópin rí?" Mo ronú sí i. Lóòótọ́, mi ò tẹ̀ ẹ́ dópin rí.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi kì í ṣe eré rárá, ẹrù kíkó ni. Kí mọ́tò kankan tó gbéra, Ọ̀gá á ní ká ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti búùtù sílẹ̀, ká kó ohun gbogbo bọ́ sílẹ̀, torí pé nígbà tí mọ́tò bá ń sáré tó sì dúró lójijì, ohun tí kò bá ní bóòtù tó dè é mọ́lẹ̀ á máa bá eré tirẹ̀ lọ. O sì mọ mọ́tò tiwa níhìn-ín, ilé kejì ni. Nínú tèmi nìkan, agboòrùn jáde, bàtà ibi iṣẹ́ jáde, ìwé orin jáde, kẹ́ẹ̀gì epo pupa tí àǹtí mi ní kí n bá òun gbé tí mo sì ti gbàgbé, òun náà jáde. Rósárì tí mo fi kọ́ iwájú gíláàsì ò gbẹ́yìn. Mo kó o sápò. Ọ̀rẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí Ìyá Màríà ṣáà má bínú sí òun tó mú mi wá. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá á wá yẹ táyà wò, á yẹ òróró bíréékì wò, á fa bẹ́líìtì wò, kó tó fún èèyàn ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì.

Eré náà dùn, kí n má parọ́ fún ọ. Sátidé àkọ́kọ́, ẹ̀rù bà mí gan-an. Ọ̀gá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí n má wo iwájú mọ́tò mọ́, kí n gbójú sókè wo ibi tí mo fẹ́ dé, nítorí ibi tójú bá wò ni mọ́tò ń lọ. Ó kọ́ mi láti tẹ bíréékì gírígírí nígbà tí ọ̀nà ṣì tọ́, kí n tú ẹsẹ̀, kí n tó yí sítíárì wọ kọ́nà. Nígbà tó mọ́ mi lọ́wọ́, ara mi fúyẹ́. Nínú wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ohun tó pọ̀ jù lára ohun tí mò ń wò ni mi ò lágbára lé lórí. Àmọ́ lójú ọ̀dà yẹn, bí mo bá tẹ iná mọ́tò, á sáré. Bí mo bá dá a dúró, á dúró. Ìyẹn tó mi.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi kò fẹ́ràn eré náà. Àgbẹ̀ ìrẹsì ni ìyá náà ní Ìgbẹ́mọ, opó ni, aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Jàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ ti mú ẹ̀gbọ́n lọ, ọ̀rẹ́ mi nìkan ló kù. Nígbà tó ra mọ́tò tó fi ń sáré yìí, wọ́n gun orí òkè àdúrà, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ike omi kan tí wọ́n fi aṣọ funfun dì lọ́rùn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbé e sábẹ́ ìjókòó awakọ̀. Wọ́n ní, "Ukú ti mú ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Kò ní mú èkejì. Omi yìí kò gbọdọ̀ kúrò nínú mọ́tò yìí, kò báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan." Mo wà níbẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ Kátólíìkì, mo ṣe àmín tọkàntọkàn.

Mo tún wà níbẹ̀ nígbà tí Ọ̀gá kọ́kọ́ bá ike náà pàdé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìjókòó gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó fa ike náà jáde. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, omi àdúrà màmá mi ni o." Ọwọ́ Ọ̀gá dúró lójú kan. Ọkùnrin tó ti lé èèyàn padà sílé nítorí sẹ́ńjì tó ń dún nínú àpò ilẹ̀kùn! Ṣùgbọ́n aláṣọ funfun lòun náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá ike náà padà sábẹ́ ìjókòó, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó sùn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀. Èyí kì í ṣe ẹrù." Kò sẹ́ni tó ta kò ó. Ta ni ì bá sọ pé kí wọ́n gbé Ọlọ́run bọ́ sílẹ̀ kí mọ́tò tó lọ? Bó ṣe ń wà níbẹ̀ nìyẹn ní gbogbo Sátidé, kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn tí ọ̀rẹ́ mi tẹ́ sílẹ̀ mọ́tò sì gbá a mú dáadáa.

Sátidé tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, Ọ̀gá ní ó ti tó àkókò kí àwa tí a ti ń bọ̀ látìgbà pípẹ́ sáré dé ibi tí agbára mọ́tò wa mọ. Ó ní kí a ká gbogbo kápẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀ mọ́tò, kó má baà ká wọ abẹ́ ẹsẹ̀ ẹnì kankan. Ìmọ̀ràn tó dára ni. Ọ̀rẹ́ mi ká tirẹ̀, ó jù ú sórí koríko, ó gbọn ọwọ́ nù, ó wọlé. Ó dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ó ju ọwọ́ sí mi, ó sì tẹ iná mọ́tò.

Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mò ń wò ó lọ. Ọ̀gá ti to kóònù sí ibi tí kálukú gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bíréékì, kí ọ̀nà tó yí, nítorí pé kòtò àgbàrá oníkankéré wà níwájú kọ́nà náà. Mo ń retí kí iná pupa ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀ tàn. Ó kọjá kóònù àkọ́kọ́, kò tàn. Ó kọjá èkejì. Mo gbọ́ tí Ọ̀gá ń sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé, "Tẹ̀ ẹ́. Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi, tẹ̀ ẹ́." Mọ́tò náà lọ tààrà bí ẹni pé kò sí kọ́nà níbẹ̀ rí.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni, mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, mo sì ṣe gbogbo rẹ̀. Mo tún mọ̀, láti ìgbà tí mo ti fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, pé kò ní pẹ́. Ó la ojú. Ó ní, "Kò wọlẹ̀." Mo ní kó má sọ̀rọ̀. Ó tún un sọ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń yà lẹ́nu, "Bíréékì, kò wọlẹ̀." Ohun tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Nígbà tí mo gbójú sílẹ̀, mo rí i pé ṣòkòtò rẹ̀ tutù, mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Omi ni. Ike náà ti yí wá síwájú, ó há sí abẹ́ bíréékì, ó ti fún pọ̀, aṣọ funfun ọrùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀gá rí i, ó rí i pé mo rí i. Ó yọ ọ́, ó fi í sínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú ọ̀dà, ó sì bú sẹ́kún.

Gbogbo Adó ló gbọ́. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é, wọ́n ní àwọn tó pa ẹ̀gbọ́n ló pa àbúrò. Àwọn mìíràn ní ẹni tó ń fi mọ́tò ṣeré ń wá ikú kiri ni. Inú bí mi sí tọ̀tún tòsì. Wọn ò mọ bí ọ̀rẹ́ mi ṣe máa ń ṣe pẹ̀lẹ́ tó, bó ṣe máa ń fẹ̀yìn ọwọ́ nu gíláàsì rẹ̀ kó tó wọlé. Ọ̀gá kò tún gbé kóònù síta mọ́ látọjọ́ náà. Ó bẹ̀ mí pé kí n lọ ṣàlàyé fún ìyá náà, mo ní kó lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Kò sẹ́nì kankan nínú àwa méjèèjì tó lè lanu sọ ọ́ fún wọn.

O mọ̀ pé a kì í jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì ọmọ. Ìyá náà kò sí níbi ìsìnkú, wọn ò rí òkú, wọn ò rí mọ́tò. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn ẹbí sọ fún wọn ni pé bíréékì kọ̀. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní Ìgbẹ́mọ, wọ́n wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tú ìrẹsì tí wọ́n sá, òórùn rẹ̀ kún gbogbo àyíká. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú.

Wọ́n wá ní, "Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nǹkan kan ni mo fẹ́ bi ọ́, má parọ́ fún mi. Omi ọjọ́sí, ṣé ó wà nínú mọ́tò? Àbí wọ́n gbé e bọ́ sílẹ̀?"

Mo wo ojú wọn, mo rí i pé ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí wọ́n sùn láti ọjọ́ náà. Mo ní, "Ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, Màmá. Kò kúrò."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ọpẹ́ ni," ni wọ́n wí, omijé ń ṣàn. "Kò dá lọ." Wọ́n wọnú ilé, wọ́n sì jáde pẹ̀lú ike mìíràn, aṣọ funfun lọ́rùn. "Èyí tìrẹ. Abẹ́ ìjókòó ni kó wà. Má jẹ́ kó kúrò níbẹ̀." Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo fi itan méjèèjì há a mú láti Ìgbẹ́mọ títí dé Adó, mi ò jẹ́ kó kan ilẹ̀.

Mo ti rò ó títí. Kò sẹ́ni tó kórìíra ọ̀rẹ́ mi nínú gbogbo wa. Ìyá tó gbààwẹ̀ fún un, Ọ̀gá tó yẹ gbogbo bóòtù mọ́tò rẹ̀ wò, àwa tí a ṣe àmín, a fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ohun kan ṣoṣo tí a ò yẹ̀ wò ni ohun tí a bọ̀wọ̀ fún jù, òun náà ló sì pa á. Mi ò lè bá Ọlọ́run jà lórí rẹ̀, mi ò sì lè bá ìyá jà.

Ojú fèrèsé yàrá mi ni ike náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá náà ṣì máa ń pè mí lórí fóònù. Kí wọ́n tó béèrè àlàáfíà mi, wọ́n á ní, "Omi yẹn ńkọ́?" Èmi náà á ní, "Ó wà níbẹ̀, Màmá." Irọ́ ni, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, kí n tó tan mọ́tò, mo máa ń bẹ̀rẹ̀, mo máa ń fọwọ́ gbá abẹ́ bíréékì wò. Lẹ́yìn náà mo máa ń jókòó, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ dópin. Ó máa ń wọlẹ̀.