Ọṣẹ Dúdú Lára Ẹ́ńjìnnì

Òkè Mápó ni ọkọ̀ náà ti kọ̀. Ó gùn ún dé ìdajì, ó mí hẹlẹ, kò lọ mọ́. Òyìnbó kan ti lò ó gbó kí oníṣòwò aṣọ kan ní Gbági tó rà á, ọkọ mi sì ni dírẹ́bà rẹ̀. Wọ́n tì í padà sí Bẹẹrẹ, lẹ́bàá agboolé wa. Oníṣòwò ní ọkọ mi ló ba ẹ́ńjìnnì òun jẹ́, ó bá kó igiripá mẹ́ta wá.

Aṣọ ni mo ń fọ̀ nígbà tí mo gbọ́ igbe. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti fi ẹ̀ṣẹ́ la ètè ọkọ mi. Eyín kan ti bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀.

Wọ́n ti pe fítà kan, atúnkọ̀ṣe tó kọ́ṣẹ́ ní réluwéè. Ó ní agogo kékeré kan tó fi ń wọn atẹ́gùn, tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Ó ki rọ́bà gígùn tó wà lára rẹ̀ bọ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn sínú.

Ó ní, "Bí ara ẹ̀ bá dá, ọwọ́ yìí á gòkè, á dúró. Bó bá ń gbọ̀n, fáàfù, ọmọrí inú ẹ́ńjìnnì, ti jóná, ẹ̀bi dírẹ́bà ni."

Wọ́n yí ẹ́ńjìnnì, ó dáhùn. Ìsàlẹ̀ ni ọwọ́ agogo wà.

"Ó ti kú!" Igiripá kan ló pariwo. Fítà ń wí pé kí wọ́n ní sùúrù, ta ní ń gbọ́? Wọ́n gbé ọkọ mi ṣánlẹ̀. Ọ̀kan jókòó lé e láyà, èkejì fa apá ọ̀tún rẹ̀ lé etí irin ọkọ̀.

Oníṣòwò ní, "Apá tó fi pa ọkọ̀ mi, ẹ bá mi kán an."

Mo wo agogo. Ó wà nísàlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó dúró jẹ́ẹ́.

"Fítà, bó bá ń gbọ̀n lẹ ní! Èyí ò gbọ̀n!"

"Òótọ́ ni, ìyàwó. Atẹ́gùn ló ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ibì kan ti ya."

Oníṣòwò bú sẹ́rìn-ín. "Alágbàfọ̀ ti di fítà! Lọ fọ aṣọ ẹ!"

"Mo ń fọ̀ ọ́ náà ni, bàbá." Ọṣẹ dúdú ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo tẹ́tí, mo gbọ́ ṣíí níbi tí irin méjì ti pàdé, mo sì fi ọṣẹ náà lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ́ńjìnnì fà á mọ́ra; awọ ìka mi bá irin gbígbóná lọ. Lójú èmi àti fítà, ọwọ́ agogo gòkè, ó dúró.

Mo ń yíjú padà láti sọ fún wọn ni mo gbọ́ tí nǹkan dún bí igi gbígbẹ. Igiripá kẹta ti fò tẹ apá náà.

Fítà ní, "Fáàfù ò jóná. Bébà líle tó wà láàárín irin ló ya. Ọmọ ọlọ́mọ ò jẹ̀bi."

Oníṣòwò wo agogo títí. Ó nu ọwọ́ sára agbádá.

"Ó dáa. Ó ti parí. Dìde, máa wa ọkọ̀ ẹ lọ."

Ọkọ mi tutọ́ ẹ̀jẹ̀. "Ọwọ́ wo ni kí n fi wà á, bàbá?"