Sóódà Inú Agolo Mílíìkì

Ọjọ́ tí Dámi, ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́rin, bu sóódà tí mo fi ń ṣe ọṣẹ sínú gàrí ni n kò lè gbàgbé. Mo ń yan gàrí lọ́wọ́ ní ibi ìyangàrí ìlú wa, Awà, ó ti rẹ̀ mí dé eegun, nígbà tí aládùúgbò wa ké sí mi: “Ìyá Dámi, ẹ máa bọ̀ o! Dámi ti fi sóódà po gàrí!”

N kò dúró béèrè bóyá ó ti mu ún. Nígbà tí mo délé, ìyá ọkọ mi ti gbá ife gàrí náà dànù lọ́wọ́ Dámi kí ó tó mu ún.

“Sóódà tó ń bó ọwọ́ àgbà, inú agolo mílíìkì lo dà á sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo ṣúgà! Ṣé o ò lè ju agolo kankan nù ni?” ìyá ọkọ mi pariwo mọ́ mi.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Màámi, ṣé ẹ máa nà mí?” Dámi bi mí.

“Rárá, ọmọ mi,” mo dá a lóhùn. “Ìyá ẹ ló ṣe àṣìṣe.”