Ọ̀gbẹ́ni Ẹlẹ́rìí

Láti ọjọ́ tí ẹjọ́ igbó ọ̀pẹ ti parí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin kò pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ní "ọkọ mi" mọ́. "Ọ̀gbẹ́ni Ẹlẹ́rìí" ni ó ń pè é.

Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ẹ̀rí tí àbúrò ọkọ yìí jẹ́ ní kóòtù Okitipupa ni ó gba igbó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ẹjọ́ náà, ó sì dì í sínú gèlè. Bí mo bá ti Yunifásítì dé, á ní kí n ka ojú ibì kan náà. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni.

Ní ọdún tí ogun abẹ́lé parí, ọkùnrin náà fẹ́ fa ọmọbìnrin rẹ̀ fọ́kọ. Nínú ilé wọn, ìyálé ni ó ń gbàdúrà fún ọmọ kí ó tó jáde, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì ni ìyálé. Wọ́n wá bẹ̀ ẹ́.

Ó tú gèlè. "Kà á fún wọn."

Mo kà á: "Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ obìnrin yìí. Àlè rẹ̀ ni."

"Ṣé àlè ni yóò gbàdúrà fọ́mọ yín?"

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. "Ìyá wa, ẹ má bínú. Gbogbo ayé mọ̀ pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́."

"Ọ̀gbẹ́ni Ẹlẹ́rìí, lọ sọ ọ́ ní kóòtù."

Ọmọbìnrin náà ń sunkún lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mi ò lè sọ pé ìyà náà tọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi di ìwé rẹ̀ padà, ó sì lọ yí púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ rẹ̀, lórí iná.