Ẹ̀gbọ́n Afura àti Ṣúgà Inú Wàrà

Ìyàwó mi kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Bí mo bá pẹ́ díẹ̀ nílé ìwẹ̀, á ní ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Afura ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kò sì bínú sí i. Ó ní àwọn tí kì í fura ni nǹkan wọn ń sọnù.

Yàrá àyẹ̀wò ló ti ń ṣiṣẹ́, oúnjẹ bakitéríà ló ń sè. Á po omi, iyọ̀ àti ṣúgà pọ̀, á sè é títí á fi mọ́ tónítóní, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó kó àwọn kòkòrò tín-tìn-tín náà sí i. Ó fẹ́ràn wọn gan-an. Ó ní wọ́n gbọ́n jù mí lọ.

"Ẹ gbọ́, Dádì. Tẹ́ ẹ bá fún wọn ní glúkóòsì àti ṣúgà inú wàrà pa pọ̀, glúkóòsì ni wọ́n máa kọ́kọ́ jẹ, torí òun ló rọrùn. Jíìnì, ìyẹn ìtọ́ni inú ara, tí wọ́n fi ń ṣe èròjà tó ń gé ṣúgà wàrà wà lára wọn o, àmọ́ pípa ni wọ́n pa á dé. Ìgbà tí glúkóòsì bá tán, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á wá ṣí i. Wọn kì í fi agbára ṣòfò."

"Èmi náà kì í fi agbára ṣòfò," ni mo wí, mo na ẹsẹ̀ sórí àga.

Wàhálà dé nígbà tí ọ̀gá wọn ní kí wọ́n fún bakitéríà ní ṣúgà wàrà nìkan. Bí jíìnì náà bá ti ṣí, omi àyẹ̀wò tí wọ́n ń kán sí i á di yẹ́lò. Wọ́n kán an láàárọ̀, dípò yẹ́lò, omi mọ́ gaara. Wọ́n tún kán an lọ́sàn-án, ó di yẹ́lò. Ojoojúmọ́ ló ń rí bẹ́ẹ̀.

"Ẹnì kan ń bu glúkóòsì sí iṣẹ́ mi!" Ìyàwó mi lu tábìlì. "Òun ni wọ́n ń jẹ tán kí wọ́n tó ṣí jíìnì. Ẹlẹ́rìn-ín ni!"

Ẹlẹ́rìn-ín ni ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó máa ń ṣí dúróà rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó bá wù lè mú bisikíìtì. Ìyàwó mi kò mú un rí. Ó ní ta ló ń rẹ́rìn-ín láàárọ̀ kùtù bí kò bá ní ohun tó ń fi pa mọ́?

Mo ní kó rọra ṣe, kó má ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

"Ṣé ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni?" ló bi mí.

Ó gbé ọ̀rọ̀ lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá pe àwọn méjèèjì, ó ní bó bá jẹ́ òótọ́, kí ọmọbìnrin náà máa kó ẹrù rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀gá ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ṣúgà wàrà wá. Ọjọ́ tí Ẹlẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an ni ìyàwó mi ti dà á sínú ike mìíràn tẹ́nì kankan ò ní ronú kàn, tó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, tó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Ó gbé e kalẹ̀ tìgboyà-tìgboyà.

Ẹlẹ́rìn-ín nu ojú. "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ike glúkóòsì wa àtijọ́ nìyẹn? Mo wá a títí kí n lè fọ̀ ọ́."

Ọ̀gá yẹ ike náà wò. Lẹ́búlẹ́bú glúkóòsì ṣì lẹ̀ mọ́ ìdí ike náà lóòótọ́, òun ló ń bá ṣúgà wàrà wọnú oúnjẹ.

Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ojú sì tì mí bá a. Ó ti bẹ ọmọbìnrin náà, ìyẹn sì ní kò burú. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn, wọ́n ṣì ń mú bisikíìtì. Àmọ́ bí ìyàwó mi bá ti wọlé, ọmọbìnrin náà á ti dúróà rẹ̀ pa, á fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

"Á ṣí i tó bá yá," ni mo fi tù ú nínú.

"Dádì, ti bakitéríà nìkan ni mo mọ bó ṣe ń pẹ́ tó."