Ọwọ́ Ìyá Nọ́ọ̀sì Nínú Fíìmù

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi ni mo ti kọ́kọ́ rí Bàbá Jẹ́jẹ́. Ẹ̀rọ náà ti yadi láti ọjọ́ mẹ́ta, ìyá mi sì ń ṣàlàyé àìsàn rẹ̀ fún un láìmí. Bàbá náà jókòó, ó fi etí ti ara irin náà, ó fi ọwọ́ yí wíìlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kò sí ohun tó ṣe é, ebi òróró ló ń pa á. Nígbà tí ìyá mi sáré fẹ́ da òróró sí i, ó gbé ọwọ́ sókè. "Jẹ́jẹ́," ló wí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló ń sọ fún oníbàárà, fún irin àti fún ọmọ tó bí, títí ó fi di orúkọ rẹ̀.

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tó yá, àwọn aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀rọ tó jẹ́ pé bó bá ti bàjẹ́, ààtàn ló kàn, iṣẹ́ sì dín kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ti mọ́ lára kò lè káwọ́ gbera. Ó rí pirojẹ́tọ̀ àtijọ́ kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin àlòkù, irú èyí tí àwọn èèyàn fi ń wo sinimá tí wọ́n bá fúnra wọn yà nínú ilé. Ó tú u palẹ̀, ó yọ mọ́tò rẹ̀, ó fi mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ rọ́pò, ó sì dín eré rẹ̀ kù títí fíìmù fi ń wọ́ kọjá bí ìgbín, àwòrán kan lẹ́yìn òmíràn. Ó gbé kámẹ́rà kékeré sókè rẹ̀. Bí àwòrán kan bá dúró, kámẹ́rà yóò yà á, yóò fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, òmíràn yóò bọ́ síbẹ̀. Fífẹ̀ fíìmù ọ̀hún kò tó ti ọmọńdinrín, síbẹ̀ èyí tí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ a máa ní àwòrán tó tó ẹgbàajì. Bí kọ̀ǹpútà bá ti tò wọ́n tẹ̀ léra, wọ́n á di fídíò tí èèyàn lè wò lórí fóònù. Kò pẹ́ táwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fíìmù ilé wọn wá bá a.

Yàrá ẹ̀yìn tí ìyàwó rẹ̀ ti ń lọ aṣọ ló gbà fún iṣẹ́ yìí, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí àlejò bá ń gba ibùsùn onílé. Ìyàwó kò bá a jà, ṣùgbọ́n kò pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó ní ẹlẹ́rọ lòun fẹ́, òun ò mọ̀ pé onísinimá lòun máa bá darúgbó. Ó ní láti ìgbà tí fíìmù ti wọlé, òun ò mọ ibi tí ìbọ̀wọ́ funfun òun wà mọ́. Bàbá á rẹ́rìn-ín, á sì máa nu fíìmù rẹ̀ lọ, ìbọ̀wọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Nọ́ọ̀sì wá. Ó ti lé lógójì ọdún, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì gbé agolo bisikíìtì kan mọ́ àyà. Bàbá ṣí agolo náà, òórùn kíkan kan sì gbá a nímú. Ó mọ òórùn náà: fíìmù tó ti ń jẹrà ni. Ó ti ká kò bí ewé gbígbẹ, etí rẹ̀ sì ti sán.

Nọ́ọ̀sì sọ pé ọmọ ọdún mẹ́ta lòun nígbà tí ìyá òun kú. Bàbá òun ló ya fíìmù náà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ làwọn ti rí i lẹ́yìn tí bàbá òun náà papò dà. Àwòrán ìyá òun kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ òun, kò sì tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọwọ́ lọ. Òun ò mọ bó ṣe ń rìn. Òun ò mọ bó ṣe ń jókòó.

"Bàbá, ẹ má tàn mí," ó ní. "Ṣé ó ṣì ṣeé ṣe?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè gba inú ẹ̀rọ kọjá, ọmọ mi. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tán. Ṣùgbọ́n ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Wàhálà àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó wé fíìmù náà kẹ́yìn wé e sódì. Ìparí rẹ̀ ló wà níta, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì kọ sókè. Ká ní fíìmù tó ṣì lágbára ni, Bàbá ìbá tú u, ìbá tún un wé. Ṣùgbọ́n èyí kò ní gbà. Ó pinnu láti kì í bọ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, láti ìparí wá sí ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orí àwọn èèyàn inú rẹ̀ nísàlẹ̀, kí ó wá tún gbogbo rẹ̀ tò nínú kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi jókòó tì í. Ibi tó bá ti já, á fi téèpù tó fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ eṣinṣin lẹ̀ ẹ́. Ẹnu ọ̀nà ni ìyàwó rẹ̀ ń gbé oúnjẹ dé, nítorí Bàbá ti fòfin de ikọ́ wíwú nínú yàrá náà. Nígbà tí àwòrán ìkẹyìn kọjá, fíìmù náà ti di wẹ́wẹ́ nínú abọ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Nọ́ọ̀sì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba iwájú fèrèsé kọjá, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí wíìlì rẹ̀. Ọmọ kékeré kan rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní bí òun náà ṣe ń gbé èjìká rìn nìyẹn. Ìgbà náà ló kíyè sí ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ fi ń yí wíìlì.

"Ọwọ́ òsì ni," ó ní. "Bàbá, ọlọ́wọ́ òsì ni ìyá mi."

Ó wá sọ ohun tí kò sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ. Bí wọ́n bá ti fẹ́ jẹun, á fi àkísà di ọwọ́ òsì ọmọ náà mọ́ àga, á ní bí ìyá rẹ̀ bá wà láyé, ojú ì bá tì í. Ọwọ́ náà kò gbọ́. Òun ló ṣì fi ń kọ̀wé, òun ló sì fi ń gún abẹ́rẹ́, tí àwọn aláìsàn fi máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó fi ọ̀tún gún àwọn káwọn lè tètè san. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ rí. Ní báyìí ó ti fojú ara rẹ̀ rí i: ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀. Ó gba fídíò náà sórí fóònù, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó sì lọ sílé bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà tuntun fún.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, aládùúgbò kan gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wá fún Bàbá. Bàbá na ọwọ́ láti yí wíìlì rẹ̀, ọwọ́ náà sì dúró lófuurufú. Apá ọ̀tún ni wíìlì wà. Apá ọ̀tún náà ló wà lára gbogbo ẹ̀rọ tó ti tún ṣe fún ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ti inú fídíò, apá òsì ló wà.

Ó lọ jókòó. Ó rántí dá ìparí pa dà sẹ́yìn, ó rántí dá orí pa dà sókè, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn fíìmù ló kọjú sí kámẹ́rà, kò sì rántí dá ọ̀tún pa dà sí ọ̀tún. Bí ìgbà tí èèyàn ń wo dígí ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Bàbá ọmọ mi, inú ọmọ yẹn dùn. Ta ló máa mọ̀?"

"Gbogbo ẹni tó bá ti ránṣọ rí."

"Ṣé àwọn aránṣọ ló fẹ́ wá wo ìyá ẹ̀ ni?"

Kì í ṣe ẹ̀gàn ló ń ba Bàbá lẹ́rù. Ohun tí Nọ́ọ̀sì ti ń wá láti kékeré, òun ló fi fún un, òun náà ló sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ bí òun bá dákẹ́, ẹni tí kò sí láyé rí lòun fi ṣe ìyá fún un. Ó gbé fóònù, ó pe Nọ́ọ̀sì.

Ó dé lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀. Bàbá kò jẹ́ kó jókòó tán.

"Ọmọ mi, mo ṣe àṣìṣe. Mo gbé àwòrán náà sódì. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìyá rẹ ń lò."

Nọ́ọ̀sì wò ó títí. "Ẹ ò bá má sọ fún mi."

"Mo rò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìyá rẹ."

Ó tan èyí tó ti tún ṣe. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà wọlé láti apá kejì, ó gba iwájú fèrèsé kọjá, ó jókòó, ó fi ọ̀tún yí wíìlì. Nọ́ọ̀sì ń wò ó bí ẹni tó ń gbọ́ ìdájọ́. Ọmọ kékeré náà na ọwọ́ sí ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sára aṣọ, ìyá fún un, ó sì pa dà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Fídíò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí ìyàwó Bàbá, tó dúró lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ife omi, sọ̀rọ̀.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ dá a pa dà sẹ́yìn díẹ̀. Ọwọ́ wo lọmọ yẹn nà?"

Bàbá dá a pa dà. Ọwọ́ òsì ni. Nínú ti àkọ́kọ́, ọ̀tún ló jọ, ta ló sì máa ń kíyè sí ọmọ tó fi ọ̀tún gba nǹkan? Ìyá náà dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó wo ọwọ́ tí ọmọ nà, ó wo ojú ọmọ. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sí àtẹ́lẹwọ́ òsì náà, ó sì fi ìka tirẹ̀ pa ìka ọmọ dé lé e lórí. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ ègé aṣọ kan sílẹ̀ fún un kó máa fa ìlà sí.

Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀meje.

"Ó rí i," Nọ́ọ̀sì sọ nígbẹ̀yìn, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ó rí ọwọ́ òsì mi, ojú ò sì tì í."

Bàbá yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún, títí ìyàwó rẹ̀ fi ní kó fi sílẹ̀ kó tó nù ún fọ́.

Bàbá Jẹ́jẹ́ ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Yàrá ẹ̀yìn yẹn ló ṣì ti ń ṣiṣẹ́, láàárọ̀ nìkan, nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ sì ni wọ́n jọ máa ń ki fíìmù bọ ẹ̀rọ.