Télọ̀ Tí Kò Lè Kúnlẹ̀ Mọ́

Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ já mi kulẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà níwájú Màmá Ṣódẹ́ìndé, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ wa. Wọ́n wọ kaba tuntun tí mo rán fún wọn, wọ́n dúró ṣánṣán, èmi sì ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yípo. Nígbà tí mo parí, mo fẹ́ dìde. Ẹsẹ̀ òsì kò dáhùn. Mo tún gbìyànjú, àfi bíi pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n so mọ́ mi nídìí. Mo ní kí Màmá má bínú, pajápajá ló mú mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ogbó ti ń bọ̀ wá bá èmi náà nìyẹn. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo di tábìlì mú, mo sì rọra fa ara mi sókè.

Kí ẹni tí kì í ṣe télọ̀ lè mọ ohun tí mo ń sọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Kémta níbí, Ìyá Ẹlẹ́rọ la máa ń pè wọ́n, kò gbà kí ọmọ iṣẹ́ kankan fi téèpù nìkan wọn ìṣẹ́tí aṣọ. Wọ́n ní ìdí oníbàárà lè ga lápá kan ju ìkejì lọ, aṣọ á wá gùn níwájú, á kúrú lẹ́yìn. Oníbàárà gbọ́dọ̀ wọ aṣọ náà, kó wọ bàtà tó máa wọ̀ ọ́ jáde, kí télọ̀ kúnlẹ̀ pẹ̀lú rúlà, kó máa yí i ká. Bó bá wá jẹ́ àgbàlagbà, ìkíni ti wà nínú iṣẹ́ nìyẹn. Mo ń kí wọn, mo ń wọ̀n wọ́n. Ohun tí àwọn ìyá ìjọ fẹ́ràn lọ́dọ̀ mi gan-an nìyí. Wọ́n á ní télọ̀ pọ̀ ní Òkè-Ìléwó, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù àti dígí gàgàrà, ṣùgbọ́n orí ìdúró ni wọ́n ti máa ń wọn èèyàn níbẹ̀.

Kì í ṣe pajápajá. Ojú ọ̀tún mi ti kọ́kọ́ ń ro mí ṣáájú ìgbà yẹn, tí òwú pupa sì dà bí èyí tí wọ́n ti fọ̀ títí tó fi ṣá. Ìka ọwọ́ mi ń ta mí bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ ń gún un. Ẹni kan ní làkúrègbé ni, ẹnì kejì ní rọpárọsẹ̀ ló ń yọ́ bọ̀, ẹni kẹta sì rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí n wádìí àwọn tí kò fẹ́ràn mi. Mo lo àgbo, mo gba abẹ́rẹ́, mo gba ààwẹ̀. Ìgbà tí a dé ilé ìwòsàn ńlá, tí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ mi, ni dókítà obìnrin kan tó lè jẹ́ ọmọ mi jókòó tì mí, ó pe orúkọ àìsàn náà: mọ́típù sikilẹrósíìsì. Ẹ́m-Ẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gé e sí.

Ó ní àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ara ní ohun kan tó bò wọ́n, gẹ́gẹ́ bí rọ́bà ṣe bo wáyà iná. Àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa gbèjà ara mi ló ṣì í mú ní ọ̀tá, tí wọ́n ń bó o. Ibi tí wọ́n bá ti bó o, iṣẹ́ kò ní dé ibẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo bi í léèrè ta ló ṣe é sí mi. Ó ní kò sí ẹni tó ṣe é.

Mo ní, “Ṣé ó máa lọ?”

“Kò tíì sí oògùn tó ń lé e lọ pátápátá, mà. Èyí tó máa jẹ́ kó pẹ́ kó tó tún yọjú wà. Ẹ óò máa bá a gbé ni.”

Bíbá a gbé yẹn ni ẹnu kò lè sọ tán. Àárẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò. Mo lè sun oorun àsùnhanrun kí n jí bí ẹni tó ru símẹ́ńtì ṣúlẹ̀. Oòrùn kò bá a mu rárá. Bí ọ̀sán bá ti ń mú, ojú á ṣú, ọwọ́ á wúwo, sísọ́ọ̀sì á di ẹrù. Nítorí náà, òwúrọ̀ kùtù ni mo ń gé aṣọ, mo fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ fún Ṣadé, ìyá ọmọ méjì tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, mo sì ń nà sórí ẹní lọ́sàn-án. Àwọn tó bá wọlé á ní, “Ara rẹ mà ń dán, kí ló wá ń ṣe ọ́?” Inú máa ń bí mi, kí n má parọ́. Ó wù mí nígbà mìíràn kí egbò kan tiẹ̀ wà tí mo lè ká aṣọ sókè fi hàn wọ́n.

Bàbá Tólú, ọkọ mi, ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ti wá tọrọ Tólú, ọmọ wa obìnrin, ẹ̀rù sì ń bà á kí wọ́n má lọ sọ pé àìsàn ìdílé wa ni. Dókítà ti ní kì í ràn, pé kì í sì í ṣe ohun tí ìyá kàn ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró ṣàlàyé ìyẹn fún gbogbo Kémta? Mo pa ẹnu mi mọ́. Mo wá ọgbọ́n mìíràn dá sí ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀. Àwọn oníbàárà tó kéré sí mi, mo ní kí wọ́n máa gun orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, kí èmi jókòó sórí àga, kí ìṣẹ́tí wà lọ́gbọọgba ojú mi. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi fóònù ya ara wọn. Àgbàlagbà ńkọ́? Kí n wo ojú ìyá arúgbó Ẹ̀gbá kí n ní kó gun orí tábìlì? Ó sàn kí n ti ṣọ́ọ̀bù.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ fẹ́ já sí. Màmá Ṣódẹ́ìndé gbé aṣọ mìíràn wá, èyí tí wọ́n fẹ́ wọ̀ fún àjọ̀dún ẹgbẹ́. Ọ̀sán ganrínganrín ni, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi. Mo kí wọn láti orí àga. Wọ́n wò mí títí.

“Fọlákẹ́, orí ìjókòó lo wà tí o fi ń kí mi?”

Mo ní kí wọ́n máà bínú, iṣẹ́ ló há mi mọ́lẹ̀. Wọ́n ká aṣọ wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Kò pẹ́ tí àwọn ìyá ìjọ yòókù fi ń kọjá lọ níwájú ṣọ́ọ̀bù láìyà. Ó dé etí mi pé mo ti ń gbéra ga. Ṣọ́ọ̀bù wá dákẹ́, Ṣadé ń gbálẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Bàbá Tólú ní kí n kúkú jókòó sílé, kí n sinmi. Ojú àánú ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọ inú eegun. Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo mọ̀. Bí mo bá fi í sílẹ̀, aláìsàn nìkan ló máa kù nínú mi.

Mo gba ilé Màmá lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àtẹ̀gùn ilé wọn gba orí àpáta lọ, mi ò lè gùn ún. Mo jókòó sí ìsàlẹ̀, mo ní kí àwọn ọmọdé tó wà níbẹ̀ bá mi pe Màmá. Wọ́n jáde, wọ́n dúró sókè. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ojú dé orí ẹsẹ̀. Ẹkún gbọ̀n mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, torí ó ti sú mi láti máa dá gbé e kiri. Wọ́n bi mí bóyá ó ń dùn mí. Mo ní ìgbà mìíràn ni, pé àárẹ̀ ló pọ̀ jù. Wọ́n ní kí n rọra máa lọ kí oòrùn tó mú. Wọ́n wọlé. Mo gbà pé ó tán nìyẹn.

Àfi bí Màmá ṣe dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, tàwọn taṣọ àjọ̀dún náà. Mo ti ń gbìyànjú àtikúnlẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sí mi pé kí n jókòó. Mo gé aṣọ náà, mo fi rán kaba, wọ́n sì padà wá wọ̀ ọ́ wò lọ́jọ́ mìíràn. Wọ́n bi mí bí mo ṣe ń wọn ìṣẹ́tí nísinsìnyí. Mo fi ẹnu júwe tábìlì, ojú tì mí.

Wọ́n wo tábìlì, wọ́n wo èmi. Wọ́n ní kí Ṣadé gbé àpótí wá. Ó dì wọ́n mú lọ́wọ́, wọ́n gorí àpótí, wọ́n gorí tábìlì, tàwọn ti bàtà ṣọ́ọ̀ṣì wọn, gèlè wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fáànù. Mo ní kí Ṣadé pa fáànù. Ó pa á, ó gbé àpótí kúrò lọ́nà mi, ó sì sáré lọ ra òwú tó bá aṣọ náà mu. Màmá gbé ọwọ́ lé orí mi kí wọ́n má baà ṣubú, mo ń wọ̀n, mo ń sàmì. Nígbà tí mo parí, wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Orúnkún wọn kò tẹ̀. Èmi náà fẹ́ dìde dì wọ́n mú, ẹsẹ̀ tèmi kọ̀. A wo ara wa.

Wọ́n ní, “Fọlákẹ́, ṣé o máa ń rí i tí mo máa ń pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, tí gbogbo yín ń ní Màmá ń gbàdúrà?”

“Mo máa ń rí i, mà.”

“Àdúrà ti máa ń tán tipẹ́. Orúnkún ni mo máa ń dúró dè.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, tábìlì sì ń mì lábẹ́ wọn nítorí àwọn náà ń rẹ́rìn-ín. A wà bẹ́ẹ̀, àwọn lókè, èmi nísàlẹ̀. Nígbà tí Ṣadé fi máa wọlé pẹ̀lú òwú lọ́wọ́, kò mọ ẹni tí òun máa kọ́kọ́ gbé nínú àwa méjèèjì.