Òjò Tí Kò Ti Ojú Ọ̀run Wá

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni Moráyọ̀ ti lò ní South Thamesmead, ní London, kó tó wọ inú igbó tó wà lẹ́yìn Abbey Wood. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà ló gbé e wá láti Ṣàgámù, bọ́ọ̀sì àti ilé àwọn àgbà nìkan ló sì mọ̀. Daddy Bíyìí, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó ń tọ́jú, ló fa ti igbó.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni baba náà fi tọ́jú igi fún council kó tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí, iwájú tẹlifíṣọ̀n ló kù tó ń jókòó sí. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Karùn-ún, ó ṣàdédé pa tẹlifíṣọ̀n.

"Ìgbà kòkòrò ti dé, èmi wá jókòó síbí bí àpótí."

"Kòkòrò báwo, Daddy?"

"Gbé mi lọ, wàá rí i."

Moráyọ̀ fi wheelchair tì í débẹ̀. Bí wọ́n ṣe dé abẹ́ igi oak ńlá kan, ó gbọ́ tí òjò ń ta wínníwínní lórí ewé. Oòrùn sì ń ràn! Kíá, ó ṣí agbòjò bo baba lórí. Baba bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Òjò kọ́ o! Ìgbẹ́ kòkòrò ni!"

Moráyọ̀ wo apá rẹ̀. Hóró dúdú tíntìntín kún ibẹ̀, bí iyèré lílọ̀. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ó ń gbọn wíìgì rẹ̀, ó ń fò sókè sódò.

Baba ṣàlàyé pé ewé oak ṣì rọ̀ lásìkò yìí, ni kòkòrò fi ń já a jẹ bẹ́ẹ̀. Ó nàka sí ẹyẹ kékeré kan, orí rẹ̀ búlúù, àyà rẹ̀ yẹ́lò, tó ń gbé kòkòrò wọ inú ihò igi.

"Ọmọ rẹ̀ kan lè jẹ ọgọ́rùn-ún lójúmọ́. Wọ́n sì lè tó mẹ́wàá nínú ihò yẹn."

"Ẹgbẹ̀rún kòkòrò! Ta ló ń bá ìyá yìí se oúnjẹ?"

Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà tí àṣá kan já wálẹ̀ fìrì, ó gbé ẹyẹ mìíràn lórí ẹ̀ka, ó lọ. Moráyọ̀ bọ́ bàtà kan, ó sọ ọ́ tẹ̀ lé e. Bàtà kọ́ sórí igi.

"Fi í sílẹ̀," ni baba wí. "Òun náà lọ́mọ nílé."

"Ta wá ló ń jẹ àṣá?"

"Tó bá kú, kòkòrò abẹ́ ilẹ̀ àti olú á jẹ ẹ́ di ilẹ̀dú. Igi á wá fi gbòǹgbò fà á mu."

Moráyọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó ń rò ó. "Ẹ dúró ná, Daddy. Igi oak ń jẹ àṣá?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Ó di wheelchair mú, wheelchair náà sì ń mì tìtì, torí baba tó wà nínú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín ju òun lọ. Obìnrin kan tó ń fa ajá kọjá bèèrè bóyá kò sí wàhálà. Baba kàn ń nàka sí bàtà tó wà lórí igi.

Nírọ̀lẹ́, Moráyọ̀ kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́: inú Daddy dùn, a rí àṣá. Ayọ̀nitèmi, ọ̀gá rẹ̀, pè é lójú ẹsẹ̀.

"Àṣá wo? Oògùn tuntun tó ń múnú Daddy dùn ni?"

"Rárá, ma." Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí ìgbẹ́ kòkòrò, ẹ̀rín tún gbé e lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀gá ní òun máa bá wọn lọ, òun fẹ́ ṣe àyẹ̀wò. Kó tó di aago méjìlá, ó ti nà gbalaja sórí koríko pẹ̀lú aṣọ ọ́fíìsì, ó ń ka iye ìgbà tí ẹyẹ wọ ihò.

"Ẹ dákẹ́ ẹ̀rín yẹn jàre," ó ní. "Ẹ ti jẹ́ kí n ṣì í kà."